Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Màmá Onímáìkì: Ẹ Jẹ́ Kí Sópúránò Mí

Láti ìgbà tí a ti sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń gba ohùn ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni lẹ́tà ti ń ya wọlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì dá lé ọ̀rọ̀ kan náà. Àwọn ọmọ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin ní Ṣómólú, Bàrígà, Yábàá àti Sùúrùlérè ti ń wá àwọn olórin ópẹ̀rà àti àwọn tó ń ta fayolíìnì kiri báyìí. Inú mi dùn sí i gan-an ni. Èbúté Mẹ́ta ni mo dàgbà sí, ìlà àwọn áátò ni mo ti kọrin kí n tó di ẹni tó ń jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo sì ti ń retí kí ẹgbẹ́ méjèèjì yìí bá ara wọn pàdé. Márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà náà nìyí.

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Mo ní bíìtì kan tí ìyára rẹ̀ jẹ́ ìlù 122 ní ìṣẹ́jú kan. Sópúránò kan, ìyẹn obìnrin tó ń kọ ohùn tó ga jù, tó kọ́ṣẹ́ orin ní Oníkan gbà láti wá kọrin sí i. Nígbà tó kọ́kọ́ kọ ọ́ láìsí ẹ̀rọ, orí mi wú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbà á sílẹ̀, ó ń wọ́ lẹ́yìn bíìtì, ohùn rẹ̀ ń gún etí, ibi tó bá sì ti gòkè, ńṣe ni máìkì ń fọ́. Mo fi Auto-Tune, ẹ̀rọ tó ń tún ohùn tó bá yà ṣe, sí i, ó tún wá burú sí i. Ó bínú lọ sílé. Ṣé ohùn ópẹ̀rà kò bá bíìtì mu ni? — Pròdúsà, Ṣómólú

Ó bá a mu, ọmọ mi, ó bá a mu dáadáa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bí o ṣe máa ń gba ohùn olórin Afrobeats sílẹ̀ ni o ṣe gba tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tí àwọn méjèèjì gbà kọ́ ọ̀fun wọn yàtọ̀ síra. Olórin tí à ń gbọ́ lórí rédíò, òun àti máìkì ni wọ́n jọ ń gbé ohùn náà. Ó lè rọra sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, máìkì á bá a gbé e dé ẹ̀yìn pápá ìṣeré. Sópúránò tìrẹ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe máa la àárín ọkẹ́sírà kọjá dé etí ẹni tó jókòó sí ìlà tó gbẹ̀yìn, láìsí máìkì, láìsí sípíkà. Tí o bá ti mọ èyí, gbogbo ìyọnu tí o kà sílẹ̀ yẹn ló ní ibi tó ti wá.

Mú ti máìkì tó ń fọ́. Irú olórin bẹ́ẹ̀ lè kọrin kọjá 100 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì sí máìkì tó wà ní mítà kan síwájú rẹ̀, kí ohùn kan náà sì tún wálẹ̀ bíi ti ẹni tó ń dá gbàdúrà. Tí o bá gbé máìkì sí i lẹ́nu, ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí ètè bí a ṣe ń ṣe fún rápà, fífọ́ ni yóò máa fọ́. Gbé e jìnnà tó mítà kan sí mítà kan ààbọ̀, kó ga díẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ, kó kọjú sí iwájú orí rẹ̀. Jẹ́ kó kọ́kọ́ kọ ibi tó ga jù nínú orin náà pẹ̀lú gbogbo agbára, kí o dín ẹ̀rọ kù títí tí ibi yẹn kò fi ní kọjá -12 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì lójú ẹ̀rọ. Ibi tó bá ti rẹlẹ̀ á kéré lójú rẹ. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀; tó bá jẹ́ 24-bit ni o fi ń gbà á, àyè pọ̀ níbẹ̀. Má wá fi kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń dín ibi tó bá ròkè kù, tẹ ohùn náà pa lẹ́yìn náà. Ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi máa gbé e sókè, ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, láti ọ̀rọ̀ kan dé èkejì.

Ti gígún etí ńkọ́? Onímọ̀ ará Sweden kan wà tó ń jẹ́ Johan Sundberg. Ó ṣàlàyé pé àyíká 500 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) ni agbára ọkẹ́sírà pọ̀ sí jù, bó bá sì ṣe ń gòkè sí i ló ń dínkù. Olórin ópẹ̀rà wá kọ́ láti kó agbára ohùn rẹ̀ jọ sí nǹkan bí 3,000 Hz, níbi tí ọkẹ́sírà kò ti rí i dí lọ́nà. Ara tẹ́nọ̀ àti báàsì ni èyí ti hàn jù lọ, ṣùgbọ́n tí sópúránò bá gòkè, ìró tó ń bá ohùn rẹ̀ rìn máa ń bọ́ síbi tí etí ọmọ ènìyàn ti ń gbọ́ nǹkan kíákíá jù lọ. Ibẹ̀ náà ni ìwọ máa ń fi ẹ̀rọ gbé sókè fún àwọn olórin rẹ kí ohùn wọn lè "jáde". Tirẹ̀ ti jáde tẹ́lẹ̀. O wá gbé e sókè lé ara rẹ̀, o tún fi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ orí kọ̀ǹpútà àti síńtì (ẹ̀rọ tó ń dá ìró sílẹ̀ fúnra rẹ̀) tó ń ké sí ibì kan náà, gbogbo wọn wá ń du ojú ihò kan. Dá 3,000 Hz rẹ̀ padà sí bó ṣe wà, kí o wá gé ti síńtì kúrò níbẹ̀.

Yàrá náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Mo mọ àwọn situdíò wa: yàrá kékeré, fóòmù dúdú lára gbogbo ògiri, ooru. Ó dára fún rápà. Sópúránò tó bá wọ ibẹ̀ kò ní gbọ́ ara rẹ̀ mọ́, torí pé gbọ̀ngàn ló máa ń dá ohùn rẹ̀ padà fún un. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ti ohùn, ọrùn rẹ̀ á le, ohùn á sì di abẹ́rẹ́. Wá gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti ilé ẹ̀kọ́ kan, lọ síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí kò sí ìsìn, bẹ ẹni tó ń tọ́jú ilé kó pa fáànù, kí o sì fi bátìrì ṣiṣẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ má bàa wọ inú orin. Tí kò bá sí gbọ̀ngàn, fi ìró gbọ̀ngàn sí i nínú hẹ́dífóònù, kó sì yọ etí kan síta.

Ní ti wíwọ́ lẹ́yìn, wo iye tí o fi bọ́fà sí, ìyẹn ìwọ̀n ìró tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó gbé e kọjá. Tó bá jẹ́ 1024 ní 48,000 Hz, kọ̀ǹpútà á dá ohùn rẹ̀ dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 0.021 nígbà tó ń wọlé, á tún dá a dúró bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń jáde, àpapọ̀ rẹ̀ á lé ní 0.04. Olórin tó bá ń gbọ́ ara rẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ á máa dúró de ohùn ara rẹ̀, orin á sì máa falẹ̀. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 128 nígbà tí o bá ń gba ohùn, ìyẹn kò tó 0.003 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní o ti tún bọ́fà ṣe, gbọ̀ngàn ti wà, máìkì ti jìnnà, wàhálà ṣì kù, òun gan-an ni mo sì ń fẹ́ kí o gbọ́ lẹ́nu mi. Bíìtì kì í mí. Ní ìyára 122, ìlù mẹ́rin kò tó ìṣẹ́jú-àáyá 2, o sì to orin ẹnu rẹ̀ láti ìlà dé ìlà láìfi àyè sílẹ̀, bí a ṣe ń tò ó fún ẹni tó máa kọ ìlà kan, táá sinmi, kó tó kọ èyí tó kàn. Lọ dúró tì í kó tó kọrin kí o wò ó. Èjìká rẹ̀ kò ní gbéra. Egungun ìhà rẹ̀ ni yóò ṣí sí ẹ̀gbẹ́, ikùn á wú díẹ̀, ẹnu á ti yà bí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kọ ṣe rí kí ohùn tó jáde rárá, afẹ́fẹ́ á sì wọlé wọ̀ọ́. Bí afẹ́fẹ́ yẹn bá ṣe yára wọlé tó, bẹ́ẹ̀ ni orin náà á ṣe yára tó. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tẹ píánò tẹ̀ lé olórin, èémí yẹn ló ń tẹ̀ lé, kì í ṣe aago. Àwọn pròdúsà wa á wá fi síṣọ́ọ̀sì gé èémí náà sọnù nígbà tí wọ́n bá ń tún ohùn ṣe! Jọ̀ọ́, má gé e.

Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé mo á pa bíìtì pátápátá. Mo á wá ẹni tó ń tẹ píánò, kí òun àti olórin jọ kọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsí kílíìkì (ìró tó ń ka ìlù) létí ẹnikẹ́ni, kí wọ́n falẹ̀ níbi tó bá wù wọ́n, kí wọ́n sáré níbi tó bá wù wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo á jókòó, mo á fi àmì sí ojú ìlù kọ̀ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè yí ìyára rẹ̀ padà tẹ̀ lé wọn. Ableton, Logic àti Cubase ló ní ibi tí a ti ń ṣe é. Kíìkì rẹ, ìlù ńlá inú bíìtì, á wá máa rìn ní 118 níhìn-ín, 122 lọ́hùn-ún, 109 níbi tí ohùn bá ti fẹ́ balẹ̀. Tí o bá fẹ́ kí àwọn èèyàn jó, fi ìyára kan ṣoṣo sí àárín orin, kí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí jẹ́ ti olórin. Síńtì ni kí o jẹ́ kó máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbàkígbà tí ohùn bá wọlé. Má jẹ́ kí kíìkì máa ti ohùn sílẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe nínú orin ijó.

Auto-Tune ńkọ́? Ohùn ópẹ̀rà máa ń gbọ̀n, ìgbà márùn-ún sí méje láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Gbígbọ̀n yẹn wà lára ohùn. Ẹ̀rọ á ṣì í mú fún àṣìṣe, á sì na gbogbo rẹ̀ gbọọrọ. Yọ ọ́ kúrò. Pe ọmọbìnrin náà padà, bẹ̀ ẹ́, kí o sì fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kó tó kúrò nílé.

Màmá, ẹ káàsán. Tẹ́nọ̀ ni mí, ẹ̀kọ́ orin ni mò ń kọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe àmápíánò fẹ́ kí n wá kọrin fún òun. Olùkọ́ mi ní orin ẹ̀rọ á ba ohùn mi jẹ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa náà ní mò ń gbé ẹ̀bùn Ọlọ́run lọ sílé ijó. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. — Tẹ́nọ̀, Èbúté Mẹ́ta

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ rẹ ní òótọ́ kan nínú, ìyẹn ni kí o kọ́kọ́ mú. Níbi tí ariwo bá ti pọ̀, gbogbo wa la máa ń gbé ohùn sókè láìmọ̀. Tí bíìtì bá ń dún gbì-gbì nínú hẹ́dífóònù rẹ, wàá ti ohùn, kí ilẹ̀ tó ṣú ọ̀fun rẹ á ti há. Kí ọ̀rẹ́ rẹ dín bíìtì kù, kó sì fi ohùn tìrẹ kún un. Tó bá di orí ìtàgé, o gbọ́dọ̀ ní sípíkà tó kọjú sí ìwọ nìkan. Bí wọn kò bá lè ṣe ìyẹn fún ọ, má gùn ún. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀rọ kì í ba ohùn jẹ́.

Mo fẹ́ kí o sọ ìtàn kan fún olùkọ́ rẹ, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ o. Ní 1956, ní ìlú Cologne ní Jámánì, akọ̀wé orin kan, Karlheinz Stockhausen, mú ohùn ọmọdékùnrin kan, ó gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó pò ó mọ́ ìró tí ẹ̀rọ ń mú jáde ní ilé iṣẹ́ rédíò, ó sì gbà á jáde láti ara sípíkà tí a tò yí àwọn èèyàn ká. Orúkọ ọmọ náà ni Josef Protschka. Nígbà tó dàgbà, tẹ́nọ̀ ópẹ̀rà ló dà, ó sì lókìkí. Ní 1964, ní Amẹ́ríkà, Milton Babbitt kọ orin fún sópúránò Bethany Beardslee: yóò dúró lórí ìtàgé, tépù á máa dún lẹ́yìn rẹ̀, ohùn òun fúnra rẹ̀ tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tí wọ́n sì ti fi síńtì yí padà á máa dá a lóhùn. Ẹ̀yin tẹ́nọ̀ kọ́ lẹ kọ́kọ́ ń wọ inú ẹ̀rọ. Àwa ará Áfíríkà gan-an ti wà níbẹ̀ ṣáájú wọn: ní 1944, Halim El-Dabh yá ẹ̀rọ onífọ́nrán kan ní Káírò, ó gba orin àwọn obìnrin níbi ètò ìwòsàn ẹ̀mí sílẹ̀, ó wá lọ fi ẹ̀rọ yí ìró wọn padà títí ó fi di orin mìíràn.

Ọdún 1944 yẹn, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú rẹ̀ ni Hubert Ogunde gbé eré olórin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Glover Hall ní Erékùṣù Èkó níbí, tí Fela Sowande sì kọ African Suite rẹ̀ fún fayolíìnì àti àwọn ohun èlò olókùn mìíràn ní Lọ́ńdọ̀nù. Sowande yìí ni kí o fi dá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ lóhùn. Nínú ẹgbẹ́ akọrin Kàtídírà ti Kristi ní Marina ló ti dàgbà, lábẹ́ T. K. Ekundayo Phillips tó jẹ́ ọ̀gá orin níbẹ̀ láti 1914 títí di 1962. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ń tẹ píánò jáàsì, ó ń tẹ dùùrù ní ilé ìṣeré, ó tún gba oyè ńlá àwọn atẹdùùrù ní 1943. Ibi tí African Suite náà parí sí, orin háílàìfù ló gbé ka iwájú fayolíìnì. Ṣé ẹ̀bùn rẹ̀ ṣòfò?

Ti ìsinsìnyí, wá Babatunde Akinboboye wò. Báríítónì ni, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Amẹ́ríkà. Ní 2018, ó jókòó sínú mọ́tò, ó kọ orin tí Rossini kọ fún onígbàjámọ̀ ará Seville lé orí bíìtì Kendrick Lamar tó jẹ́ rápà, fídíò náà sì tàn káyé. Gbọ́ bó ṣe kọ ọ́: kò yí ohùn rẹ̀ padà di ti rápà. Ohùn ópẹ̀rà kíkún ló fi kọ ọ́, inú bíìtì ló sì wà digbí. Bó ṣe yẹ kí ìwọ náà ṣe é nìyẹn. Tí ọ̀rẹ́ rẹ bá sọ pé kí o "rọ ohùn náà díẹ̀", kò nílò tẹ́nọ̀ nìyẹn, kó wá ẹlòmíràn.

Mo kọ orin Yorùbá fún sópúránò kan àti DJ kan. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ ní ohùn náà dùn ṣùgbọ́n àwọn kò gbọ́ ohun tó ń sọ. A ní kó la ẹnu dáadáa, ó là á, kò yàtọ̀. Kí la máa ṣe? — Akọ̀wé orin, Agége

Ẹ fi ẹnu ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ibi tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí ló ga jù. Nígbà tí sópúránò bá kọjá nǹkan bí 700 Hz, ìyẹn F kejì lókè C àárín píánò, gbogbo fáwẹ́lì á bẹ̀rẹ̀ sí í jọra wọn. Kò sí ẹ̀kọ́ tó lè yí i padà, bí ọ̀fun àti ẹnu ṣe rí ló fà á. Ẹ̀yin wá kó odindi gbólóhùn síbẹ̀, ẹ tún fi síńtì bò ó.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ wálẹ̀ sí àárín ohùn rẹ̀, kí àwọn èèyàn kọ́kọ́ gbọ́ ọ yékéyéké níbẹ̀. Tó bá wá gòkè, kó jẹ́ orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni, tàbí orí "á" lásán. Ẹ tún wo bí orin yín ṣe ń gòkè sọ̀kalẹ̀ bóyá ó bá ohùn ọ̀rọ̀ mu. Ekundayo Phillips ti kọ̀wé lórí orin Yorùbá láti 1953, nígbà tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ń fi ohùn orin òyìnbó lọ́ ọ̀rọ̀ wa lọ́rùn. Àwọn DJ tún ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀: wọ́n á gé ọ̀rọ̀ kan nínú orin, wọ́n á fi kíbọ́ọ̀dù gbé e sókè sódò, ọ̀rọ̀ náà á wá di nǹkan mìíràn létí ẹni tó gbọ́ èdè. Tí DJ yín bá fẹ́ ṣeré bẹ́ẹ̀, kó mú fáwẹ́lì gbọọrọ ṣe é.

Ohun kan tún wà tí mo rò pé ó máa dùn gan-an. Ẹ wá ẹni tó mọ ìjálá tàbí ègè sun, kí òun gbé ọ̀rọ̀ náà nísàlẹ̀, kí máìkì sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, kí sópúránò máa fò lókè láìsọ ọ̀rọ̀ kankan. Máìkì méjì, ohùn méjì, kò sẹ́ni tó máa dí ẹnìkejì lọ́wọ́. Inú mi á dùn tí ẹ bá dán an wò.

Màmá, ṣé mo lè mú orin ópẹ̀rà àtijọ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kí n fi bíìtì sí i? Ẹni tó kọ ọ́ ti kú tipẹ́. Tí mo bá sì pe olórin wá kọ ọ́ lákọ̀tun, báwo la ṣe ń pín owó? — Oníbíìtì, Bàrígà

Nǹkan méjì ló wà nínú orin kan: orin tí wọ́n kọ sílẹ̀, àti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ní òfin àṣẹ-àdàkọ wa ti 2022, ẹni tó kọ orin ló ni ín títí ọjọ́ ayé rẹ̀ àti 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Verdi kú ní 1901, Puccini ní 1924, ẹnikẹ́ni lè kọ orin wọn. Ṣùgbọ́n ohùn tẹ́nọ̀ tí o gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn ní olówó tirẹ̀, má fọwọ́ kàn án láìgba àṣẹ. Ti àwọn tiwa kò tíì tú sílẹ̀ rárá: Ekundayo Phillips kú ní 1969, ó di ìparí 2039. Sowande kú ní 1987, ó di ìparí 2057. Àwọn ẹbí wọn ni kí o lọ bá.

Nítorí náà, pe olórin wá. Tó bá jẹ́ orin Puccini ló kọ sórí bíìtì rẹ, san owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí o tún fún un ní ìpín nínú owó tí ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ bá ń mú wọlé. Tó bá jẹ́ òun ló dá ohùn orin náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tó dúró níwájú máìkì, olùkọrin-sílẹ̀ ni òun náà, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ. Mo ti rí i tí wọ́n kọ orúkọ sópúránò sí ìdí ìwé bí ẹni pé ìlù tí wọ́n yá lò ni, ó sì dùn mí wọra. Ẹ kọ ìpín yín sórí bébà kan, ẹ jọ fọwọ́ sí i, kí ẹ tó tan ẹ̀rọ.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ìyá wa. Dùùrù onípáìpù ni mò ń tẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Erékùṣù Èkó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin, ó ní ká jọ ṣe iṣẹ́ kan. A dán an wò lọ́sàn-án, ohùn méjèèjì ń jà, wọ́n ń gbọ̀n lu ara wọn. A tún dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn, ìjà náà ti dínkù. Ta ló yí ohùn padà? — Atẹdùùrù, Erékùṣù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ooru ni. Bí afẹ́fẹ́ inú páìpù bá ṣe ń gbóná ni ohùn rẹ̀ ń gòkè, nǹkan bí sẹ́ńtì 3 fún ìwọ̀n Celsius kọ̀ọ̀kan, sẹ́ńtì 100 sì ni ààbọ̀ ohùn kan. Tí ṣọ́ọ̀ṣì bá wà ní 26 láàárọ̀, tó di 33 lọ́sàn-án Èkó, nóòtì A tó wà ní 440 tẹ́lẹ̀ á ti dé nǹkan bí 445. Kọ̀ǹpútà kò mọ ooru, 440 rẹ̀ ló dúró sí. Gbígbọ̀n tí ẹ gbọ́ yẹn, nǹkan bí ìgbà márùn-ún ni láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyàtọ̀ àárín 440 àti 445 gan-an ni.

Dùùrù kò ṣeé túùnù lójú ẹsẹ̀, nítorí náà kọ̀ǹpútà ni kó tẹ̀ lé e. Ẹ tẹ A àárín mọ́lẹ̀ lórí páìpù ẹsẹ̀ mẹ́jọ (ẹsẹ̀ bàtà ni a fi ń wọn gígùn páìpù) kan ṣoṣo, kí ọmọ náà gbé fóònù tó ní ẹ̀rọ túùnù síbẹ̀, kó ka nọ́ńbà, kó sì fi nọ́ńbà yẹn sí ipò 440 nínú gbogbo síńtì rẹ̀. Tí ẹ bá jáde lọ jẹun, ẹ tún un wọ̀n nígbà tí ẹ bá padà. Ẹ má lo àwọn páìpù onírìídì, àwọn tí irin pẹlẹbẹ kan ń gbọ̀n nínú wọn, lọ́sàn-án. Ooru kì í gbé wọn sókè bíi ti àwọn yòókù, inú dùùrù fúnra rẹ̀ ni ìjà á ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó sàn jù ni kí ẹ máa lọ lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ má tan fáànù.

Ẹ wo ibi tí sípíkà rẹ̀ máa wà. Tó bá gbé e sísàlẹ̀ níwájú ìjọ, tí páìpù yín sì wà ní 20 mítà sí ibẹ̀, ohùn yín á fi bí ìṣẹ́jú-àáyá 0.058 pẹ́ dé, gbogbo ẹni tó jókòó síwájú ló sì máa gbọ́ ọ. Ẹ gbé sípíkà lọ sí ẹ̀gbẹ́ àpótí dùùrù, kí ohùn méjèèjì jọ gbéra láti ibì kan.

Ó ku ti ìsàlẹ̀. C àkọ́kọ́ lórí pẹ́dàlì ẹsẹ̀ 16 jẹ́ nǹkan bí 33 Hz, ibẹ̀ gan-an ni básì ẹ̀rọ ti ń jẹun nínú orin àwọn ọmọ ìwòyí. Tí méjèèjì bá jọ sọ̀rọ̀, ariwo lásán ni fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì á máa pa. Ní ẹsẹ àkọ́kọ́, kó pa básì rẹ̀, kí pẹ́dàlì yín mú ìsàlẹ̀. Ní ẹsẹ kejì, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò, kí ọwọ́ yín nìkan máa tẹ̀ ẹ́, kí básì rẹ̀ wọlé. Tí ẹ bá ti gbà á sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ibi tí básì yẹn ti gba ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ pẹ́dàlì ni mo máa kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́.